Àtúnṣe Ilé Àtijọ́ Pẹ̀lú Ọwọ́ Ara Ẹni: Ìbéèrè Tí Àwọn Ènìyàn Ń Bèèrè Jù, àti Ìdáhùn Wọn

Ilé tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ni ilé tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n wá fi símẹ́ǹtì rẹ́, tí wọ́n sì fi páànù bò, irú èyí tí ó pọ̀ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlẹ̀ṣà àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹni tí ó fẹ́ wó tirẹ̀ kí ó tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀ kò ní rí ohun púpọ̀ mú níbí.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá amọ̀ ni ó wà nínú ògiri wa tàbí búlọ́ọ̀kù?

Ẹ wo bí ògiri náà ṣe nípọn tó lójú fèrèsé. Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé kì í sábà nípọn ju íńṣì 6 tàbí 9 lọ, ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ ti àwọn bàbá wa sábà máa ń tó ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí kan àbọ̀. Bí ó bá sì ń ṣe yín bí iyèméjì, ẹ gun àjà lọ, nítorí pé àwọn tí ó rẹ́ ilé kì í sábà rẹ́ ibi tí ojú àlejò kò dé. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí amọ̀ pupa ní ìhòòhò, àti ìlà tí ó ń fi ibi tí ipele kan parí tí òmíràn gbé bẹ̀rẹ̀ hàn.

Ẹ mọ èyí dájú kí ẹ tó ra ohunkóhun. Oògùn tí ó wo ògiri búlọ́ọ̀kù sàn lè pa ògiri amọ̀.

Owó ọwọ́ mi kò tó nǹkan. Kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

Òrùlé ni àkọ́kọ́. Ọ̀nà tí omi ń gbà yí ilé ká ni ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìdí ògiri, igi àti wáyà iná. Ọ̀dà ni ó kẹ́yìn pátápátá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń yí ètò yìí sódì: bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́, wọn a kun iwájú ilé kí ó lè dán, òjò àkọ́rọ̀ a sì fi ibi tí àléébù wà gan-an hàn wọ́n. Nínú gbogbo àìsàn ilé amọ̀ tí a ó mẹ́nu bà nísàlẹ̀, díẹ̀ ni kò ní ọwọ́ omi nínú.

Àsìkò iṣẹ́ òrùlé ni oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì. Iṣẹ́ ìrẹ́ náà dára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ọyẹ́ máa ń tètè fa omi inú rẹ̀ gbẹ, nítorí náà ẹ fi àpò tí ẹ ti rẹ sínú omi bo ògiri fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ bá rẹ́ ẹ tán.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò?

Kò pọ̀: àkàsọ̀ tí kò mì, òòlù, ayùn, irin ìrẹ́lé, burọ́ọ̀ṣì onírin, báàkẹ́ẹ̀tì méjì, téèpù ìwọ̀n, ibọ̀wọ́ àti ìbòmú. Ẹ fi rọ́bà gígùn tí a lè rí omi nínú rẹ̀ kún un. Òun ni àwọn bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ìhín ilé àti ọ̀hún ilé dọ́gba, kò sì wọ́n.

Òrùlé ń jò, ṣùgbọ́n mi ò rí ojú ihò náà. Báwo ni kí n ṣe wá a?

Ibi tí omi ti ń kán kọ́ ni ó gbà wọlé. Omi a gba ihò ìṣó kan wọlé lókè, a tọ pákó òrùlé bọ̀ wá sísàlẹ̀, a sì wá kán sórí àwo ọbẹ̀ yín ní ibi tí ó jìn sí ihò náà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ gun àjà ní ọ̀sán gangan, ẹ dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí òkùnkùn lè wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi ẹfun sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà yọ. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, kí ẹnì kan máa da omi sí òrùlé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kejì máa wò ó láti abẹ́. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, gbogbo ihò ni yóò jò pọ̀, ẹ kò sì ní mọ èyí tí ó ṣẹ̀ yín.

Lórí páànù onígbì, orí ìgbì ni a ń kan ìṣó sí. Inú kòtò rẹ̀ ni omi ń gbà ṣàn, ìṣó tí a bá sì kàn síbẹ̀ yóò jò lọ́jọ́ kan dandan. Ẹ yọ irú ìṣó bẹ́ẹ̀, ẹ fi aṣọ líle àti ọ̀dà dúdú dí ojú ihò náà, kí ẹ wá kan èyí tí ó ní rọ́bà lábẹ́ orí sí òkè ìgbì. Páànù kan gbọ́dọ̀ gun èkejì ní ìgbì kan àbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ti òkè sì gun ti ìsàlẹ̀ ní íńṣì 6, ó kéré tán. Ẹ má ṣe fi símẹ́ǹtì dí páànù rárá: oòrùn ń na páànù, òru ń sún un kì, símẹ́ǹtì kò sì lè bá a nà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè bá a sún kì.

Bí ìpẹtà bá ti jẹ páànù débi pé ìka yín lè lu ú, ẹ jáwọ́ nínú dídí ihò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Páànù alumíníọ̀mù 0.55 mílímítà wọ́n ju 0.45 lọ, ṣùgbọ́n ó tọ́ sí owó rẹ̀ níbi tí ìjì bá ti ń jà dáadáa. Ẹ mú ohun ìwọ̀n dání lọ sọ́jà, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ sí ara páànù àti bí ó ṣe nípọn tó kì í bára mu nígbà gbogbo. Orí ìlà ìṣó nìkan ni kí ẹ máa tẹ̀ bí ẹ bá wà lókè, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni pákó wà.

Síìlì ilé wa jẹ́ asbestos. Ṣé kí n tú u?

Bí kò bá fọ́, tí kò sì ń já, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ lè fi ọ̀dà kùn ún kí ojú rẹ̀ lè dì. Ewu rẹ̀ wà nínú eruku rẹ̀. Àwọn fọ́nrán rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí wọn, wọ́n máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àrùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sì lè má fara hàn títí di ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó fi ayùn gé e lónìí yóò fi máa sọ pé òun ṣe é, kò sì ṣe òun ní nǹkan kan.

Bí ó bá di dandan kí ẹ yọ ọ́, ẹ wọ́n omi sí i títí yóò fi rin, ẹ yọ ìṣó rẹ̀ kí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ ní odindi, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ibẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá dì í ní ìlọ́po méjì. Kí ọmọdé má sí nínú ilé lọ́jọ́ náà, ẹ má sì ṣe sun ún tàbí kí ẹ fọ́ ọ dí kòtò ojú ọ̀nà bí mo ti rí i tí àwọn kan ń ṣe.

Kí ló dé tí símẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ògiri ń ṣí kúrò lára rẹ̀ lọ́dọọdún?

Nítorí pé amọ̀ àti símẹ́ǹtì kò ní ìwà kan náà. Amọ̀ a máa fa omi mu nígbà òjò, a sì máa tú u sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń wú, ó sì ń sún kì díẹ̀. Símẹ́ǹtì le gbagidi, kò sì fẹ́ kí omi gba inú òun kọjá. Tí omi bá wá gba òkè tàbí ìdí ògiri wọlé, yóò há sáàárín àwọn méjèèjì, yóò sọ amọ̀ ẹ̀yìn ìrẹ́ di ẹrẹ̀, ìrẹ́ yóò sì dá dúró bí èèpo ẹ̀pà tí kò mú ọmọ inú rẹ̀ mọ́. Bí a bá lù ú, a dún gbọ́ngbọ́n. Àwọn bíríkìlà púpọ̀ a wá sọ pé símẹ́ǹtì ni kò tó, wọn a fi kún un. Ìrẹ́ tuntun náà a tún le jù, a sì tún ṣí ní kíákíá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ohun tí ó bá ògiri amọ̀ mu ni ìrẹ́ amọ̀. Ẹ sẹ́ yẹ̀pẹ̀ alámọ̀ (ti òkìtì ọ̀gán dára púpọ̀), ẹ pò ó mọ́ iyanrìn àti koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́, kí ẹ sì fi omi rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn kan ń fi ìgbẹ́ màlúù sí i kí ó lè lẹ̀; ní ilẹ̀ Haúsá, omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irúgbá rẹ ni wọ́n ń fi mú ojú ìrẹ́ le sí omi òjò. Ìwọ̀n iyanrìn kò lè dọ́gba níbi gbogbo nítorí pé yẹ̀pẹ̀ ìlú kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Nítorí náà, ẹ rẹ́ ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn ilé, kí iyanrìn ti ọ̀kan pọ̀ ju ti èkejì lọ, kí ẹ sì dúró kí wọ́n gbẹ. Èyí tí kò bá lanu, tí kò sì ń yín sí ọwọ́, òun ni kí ẹ lò. Láìmù (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi òkúta ẹfun tí a sun ṣe) tí a bá fi kún un yóò jẹ́ kí ó túbọ̀ kojú òjò, láìsé omi mọ́ inú.

Kí ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ gbọn gbogbo ìrẹ́ àtijọ́ tí ó ti ṣí kúrò, ẹ fi burọ́ọ̀ṣì onírin gbá eruku, ẹ gún ojú ògiri ní ihò wẹ́wẹ́, ẹ wọ́n omi sí i. Ẹ rẹ́ ẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ìrẹ́ kọ̀ọ̀kan má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Bí ẹ bá fàáké kọ́rí pé símẹ́ǹtì ni ẹ fẹ́, ẹ kan wáyà adìẹ mọ́ ògiri kí ìrẹ́ náà lè rí ohun dìmú, ẹ má sì jẹ́ kí símẹ́ǹtì inú rẹ̀ pọ̀. Kò ní kí ó má ṣí lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ díẹ̀.

Ìdí ògiri máa ń tutù, ọ̀dà ibẹ̀ ń bó, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì ń yọ lára rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Iyọ̀ ni lóòótọ́. Omi ilẹ̀ ń gun ògiri, ó ń gbé iyọ̀ inú yẹ̀pẹ̀ dání. Tí omi bá gbẹ, iyọ̀ a ṣẹ́kù, a sì ti ọ̀dà jáde. Ilé àtijọ́ kò ní ohun ìdènà omi láàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè pé, kí ló dé tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá bàbá yín wà láyé? Lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀ ìta ni ó ti ga. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sí ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún dà á lẹ́ẹ̀kejì, títí ìta fi ga ju inú ilé lọ.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tí ó fara kan ògiri kúrò títí yóò fi lọ sílẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ ní íńṣì 6, kí ẹ ṣe é kí ó dagun kúrò lára ilé ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 nínú mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì la gọ́tà sí ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀. Níbi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bá ti gbẹ́ ilẹ̀ débi pé òkúta ìpìlẹ̀ ti yọ síta, ẹ fi òkúta àti yẹ̀pẹ̀ pupa dí i, kí ẹ gún un kí ó le. Ẹ má ṣe lẹ táìsì mọ́ ìdí ògiri láti fi bo ọ̀rinrin náà. Omi tí kò rí ibi jáde nísàlẹ̀ yóò gòkè títí yóò fi kọjá táìsì, iṣẹ́ yóò sì di méjì.

Ògiri ti lanu. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tí ó léwu?

Èyí tí ó tín-ín-rín bí irun, tí kò kọjá inú ìrẹ́, kò léwu. Èyí tí ó wà níbi tí yàrá búlọ́ọ̀kù tuntun ti pàdé ilé amọ̀ kò ní tán láéláé, nítorí pé ìpìlẹ̀ méjèèjì kò jókòó bákan náà. Ẹ fi ohun tí ó lè nà dí i, kì í ṣe símẹ́ǹtì. Èyí tí ó dagun láti igun fèrèsé, tí òkè rẹ̀ sì fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ni kí ẹ fura sí, torí apá kan ìpìlẹ̀ lè máa rì.

Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ibi tí ó parí sí ní ìhà méjèèjì, ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lóṣooṣù láti ìgbà òjò títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó bá fẹ̀ ju mílímítà 5 lọ tí ó sì ń fẹ̀ sí i, tàbí tí ilẹ̀kùn tí ó ń tì dáadáa tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há, tàbí tí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ikùn síta, ẹ kó kúrò nínú yàrá náà kí ẹ sì pe ẹnjiníà. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹni.

Ikán ti wọ igi òrùlé. Ṣé òróró ẹ́ńjìnnì tó?

Kò tó. Orí igi nìkan ni òróró ẹ́ńjìnnì tí a ti lò ń mọ, ó ń ba ilẹ̀ àti omi kànga jẹ́, ìrẹ́ kì í sì í mú ibi tí ó bá kàn. Ikán kì í fẹ́ rìn nínú ìmọ́lẹ̀, ọ̀nà amọ̀ tóóró ni ó ń mọ gun ògiri. Ẹ fọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tún un mọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tọ ọ̀nà náà dé ilẹ̀, ẹ da oògùn ikán sí ibi tí ó ti jáde bí ìwé ara rẹ̀ ti wí, kí ẹ sì kó gbogbo igi ìdáná àti pákó tí ẹ fi ti ògiri kúrò, nítorí àkàsọ̀ ni gbogbo ìyẹn jẹ́ fún wọn.

Bí ohun tí ẹ rí bá jẹ́ ihò wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́ àti ìyẹ̀fun lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò igi ni, kì í ṣe ikán. Oògùn igi bíi Solignum ni kí ẹ fi kùn ún. Ẹ má sì ṣe yára ju igi àtijọ́ dànù. Ìrókò àti apá tí wọ́n lò nígbà náà ṣòro fún ikán láti jẹ, àfàrà tútù tí wọn yóò tà fún yín lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gé ibi tí ó bàjẹ́ nìkan, kí ẹ fi òmíràn tọ́ ọ.

Ṣé mo lè pààrọ̀ wáyà iná fúnra mi?

Ẹ lè pààrọ̀ gílóòbù. Èyí tí ó bá ju ìyẹn lọ, ẹ pe oníṣẹ́ iná, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ó bi í: wáyà 1.5 (ìyẹn mílímítà onígun mẹ́rin) fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún ẹ̀rọ amúlétutù, àti ẹ́ẹ̀tì (earth, wáyà tí ń da iná tí ó bá ṣìnà sínú ilẹ̀) tí ó wọ inú ilẹ̀ ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ kò ní ẹ́ẹ̀tì rárá, rọ́bà ara wáyà wọn sì ti gbẹ débi pé ó ń rún bí a bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má ṣe fi wáyà gbé iná jẹnẹrétọ̀ wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri láé. Iná náà lè gba ibẹ̀ jáde lọ sí òpó, kí ó pa ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìta gbangba sì ni àyè jẹnẹrétọ̀, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀; èéfín rẹ̀ tí ń pani kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn.

Kànga àti ṣaláńgá àtijọ́ wà nínú ọgbà kan náà. Ṣé mo lè tún wọn lò?

Ẹ wọn àárín wọn. Bí kò bá tó mítà 30, tàbí tí ṣaláńgá bá wà ní òkè tí kànga wà ní ìsàlẹ̀, ẹ má mu omi náà; ẹ lè fi í po amọ̀ kí ẹ sì fi fọ ilẹ̀. Ẹ mọ etí kànga ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kí ẹ sì fún un ní ìdérí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú ọ̀kankan nínú wọn láti kó ẹrẹ̀ tàbí láti yọ korobá. Afẹ́fẹ́ olóró lè wà nísàlẹ̀, ẹni tí ó bá sì fò wọlé láti gba ẹni àkọ́kọ́ là ni ó sábà máa ń di òkú kejì. Ẹ pe àwọn tí iṣẹ́ wọn ni.

Mo fẹ́ wó ògiri àárín kí pálọ̀ lè fẹ̀, tàbí kí n fi òkè kan lé ilé náà. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ẹ má fi òkè lé e. Ní ti ògiri àárín, nínú ilé amọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ògiri tí kò ru nǹkan. Àjà àti òrùlé ń bẹ lórí wọn. Ẹ lè la ẹnu ọ̀nà kan sára rẹ̀, bí ẹ bá kọ́kọ́ fi òpó ti òkè, tí ẹ sì gbé ìtì igi líle tàbí kọnkéré kọjá lókè ẹnu ọ̀nà náà kí ó jókòó sórí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìhà méjèèjì.

Ilé Àgùdà ni tiwa, tí ó ní òdòdó àti ọnà lára ògiri. Ṣé ó ní ohun tí ó yàtọ̀?

Ó ní. Àwọn Àgùdà tí wọ́n padà dé láti Brazil ní ọ̀rúndún 19 ni ó mú ọnà yìí wá sí Èkó àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó sì tàn dé àwọn ìlú òkè. Ẹ má gbọn ọnà ara rẹ̀ dànù kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ sì fi páálí ya àwòrán rẹ̀ ní ìwọ̀n gan-an, nítorí láti ara èyí tí ó ṣẹ́kù ni ẹ ó ti ṣe èyí tí ó ti já. Bí ìjọba bá ti kéde ilé náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Àmọ́ ìkéde nìkan kò gba ilé là: wọ́n kéde Ilojo Bar, ilé Àgùdà kan ní Èkó, ní ọdún 1956, wọ́n sì wó o ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016.

Òkè òkun ni mo ń gbé. Báwo ni mo ṣe lè mójú tó iṣẹ́ náà?

Ẹ san owó ní ipele ní ipele, kí ẹ sì máa gba fọ́tò ohun tí ìrẹ́ yóò bò mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó bò ó. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ wá wo ilé náà ní oṣù Kẹfà tàbí Keje, kì í ṣe oṣù Kejìlá tí gbogbo ènìyàn ń wálé. Kò sí òrùlé tí ń jò lóṣù Kejìlá.

Bí mo bá fi owó ara mi tún ilé ẹbí ṣe, ṣé ó di tèmi?

Rárá. Nínú àṣà àti òfin ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó tún ilé ẹbí ṣe, kódà tí ó kọ́ yàrá kún un, kò sọ ọ́ di ti ara rẹ̀. Ilé ẹbí ṣì ni. Ọ̀pọ̀ ìjà tí ó ń dé kóòtù ni ó bẹ̀rẹ̀ láti orí páànù tí ẹnì kan fi owó rẹ̀ rà, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ó ń kàn án.

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá olórí ẹbí. Ẹ jẹ́ kí a pe ìpàdé, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe àti iye tí yóò ná yín, kí ẹ sì bèèrè bóyá ẹ̀bùn ni ẹbí kà á sí, tàbí owó tí a ó máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó ilé àwọn ayálégbé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí olúkúlùkù mú ẹ̀dà tirẹ̀ dání kí ẹ tó gbé àkàsọ̀ ti ògiri.